Ilẹ̀ Tó Ń Rì Lábẹ́ Ilé Delmar

Ohun méjì ló rú Delmar lójú ní ìgbà òjò ọdún náà. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ tó ti ń rì lábẹ́ ilé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ọgbà náà dédé ṣíwọ́ rírì. Èkejì ni pé ìgbátí rọ́bà tó yí ara ilé náà ká, èyí tí kì í dọ̀tí rárá, bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Ilé orí táyà ni ilé ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n sì ń fà kiri. Ti Delmar kì í lọ síbì kankan mọ́. Nígbà tí òun àti Twyla ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Salem, ọgbà àwọn onílé-orí-táyà kan létí òkun Oregon ni wọ́n fà á wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí. Ọ̀sà ló wà níwájú wọn, igi gíga tí kì í jẹ́ kí oòrùn yọjú ló wà lẹ́yìn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ewé bá ti wọ́, ó di ìgbà Àjíǹde kó tó rántí pé ó yẹ kóun dá.

Iṣẹ́ gbígbé tábìlì sinúkà kalẹ̀ ni Delmar fi jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ilé ọtí kan ní etíkun náà, láti Astoria dé Coos Bay, tí kò tíì fi ikùn wọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ rí, tó ń fi léfẹ́lì wo ẹsẹ̀ tábìlì, ọ̀pá tí ẹ̀hó omi máa ń rìn nínú rẹ̀ yẹn. Tábìlì sinúkà tó bá fì, ìjà ló ń bí. Ó ti rí ibi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti la igi mọ́ ara wọn lórí nítorí bọ́ọ̀lù kan tó dá ara rẹ̀ yí. Nítorí náà, ohun tó bá fì kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ̀hó omi gbọ́dọ̀ dúró sáàárín gan-an.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọgbà yìí ò gbọ́ ti ẹ̀hó. Bó bá fi jáàkì gbé ilé náà lónìí tí gbogbo rẹ̀ gún régé, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, bọ́ọ̀lù sinúkà funfun tó máa ń gbé sórí tábìlì oúnjẹ á ti yí lọ sí igun ẹnu ọ̀nà. Delmar á bú ilẹ̀. Á bú eku abẹ́lẹ̀. Á bú ọ̀sà pàápàá, á ní òun ló ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀ wá bá òun.

“Ilẹ̀ yìí tún ti rì o, Twyla!”

“Ṣé ó tún ti rì?” ni Twyla á wí, kò ní gbójú kúrò lórí òwú tó ń hun. “Lọ gbé e sókè, ọkọ mi. Ta ló tún lè gbé e bíi tìẹ?”

Delmar á mú jáàkì, á wọ abẹ́ ilé, á sì máa súfèé. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe ń ráhùn lọ.

Twyla kú nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí. Wọ́n da eérú rẹ̀ sínú ọ̀sà iwájú ilé, níbi tí Delmar ti lè máa wò ó bó bá ń mu kọfí àárọ̀. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù ò ti yí mọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀lù ń jókòó sáàárín tábìlì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́bẹ̀. Ó yẹ kí inú Delmar dùn. Kò dùn. Á bẹ̀rẹ̀, á fojú sún mọ́ bọ́ọ̀lù náà, á fi ìka tì í díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jáde sínú òjò, ó wo ilẹ̀ lábẹ́ ilé rẹ̀, ó sì bi í léèrè bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀: “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò rì mọ́?” Ó ronú pé bóyá ilẹ̀ náà ń ṣọ̀fọ̀, ojú tì í pé òun lè ro irú èyí, síbẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn rò.

Àsìkò yẹn náà ni ìgbátí bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ó kọ́kọ́ rí i bí ata dúdú wẹ́wẹ́ létí rọ́bà fèrèsé. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, rọ́bà náà ti dúdú yí gbogbo ilé ká, ó sì ti ń ya ìlà wálẹ̀ lára ògiri funfun bí ojú ẹni tó sunkún tòun ti tìróò.

Royce ló wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un. Royce ni alábòójútó ọgbà, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ju ẹkùn lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀gá tó ni ọgbà ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, káwọn àlejò tó dé. Ó ní ilé tó bá rí báyìí, kí n ní kó máa lọ.”

“Ilé tó rí bí èwo?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní ilé tó rí bí èwo, Royce?”

“Ilé yín ti bu, Bàbá. Ó dà bíi búrẹ́dì tẹ́nì kan gbàgbé sínú ọ̀rá.”

Delmar fẹ́ bínú, ẹ̀rù ló bà á. Ilé náà ti gbó, àwọn ọgbà yòókù tó wà létí òkun kò sì gba ilé tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá wọlé. Bí wọ́n bá lé e níhìn-ín, àfi kó fà á lọ sí ẹ̀yìn òkè, níbi tí kò ti ní rí ọ̀sà mọ́. Ta ni yóò wá máa mu kọfí pẹ̀lú Twyla? Ó wọlé, ó dúró láàárín ilé, kò mọ ohun tó wá mú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti gbogbo ọgbà nìyẹn. Ozzie, apẹja alákàn tó ń gbé lápá òsì, ló kọ́kọ́ dé.

“Fínígà ni! Fínígà tó o fi ń jẹ ewébẹ̀. Tú u sí i lára, kó o lọ sùn.”

Delmar tú fínígà. Ilé rẹ̀ rùn bíi sàláàdì, rọ́bà funfun nini. Òjò rọ̀, dúdú padà dé.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́, ó pòṣé. “Ozzie ni dókítà ẹ? Búlíìṣì ni, bí wọ́n ṣe ń fọ ọsibítù.” Delmar da búlíìṣì. Ṣòkòtò rẹ̀ di abilà, rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó sì ń sán. Ẹlòmíràn yá a ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi. Ìyẹn fọ ìdọ̀tí dànù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tu omi gba ẹ̀yìn ìgbátí wọlé, lálẹ́ ọjọ́ náà omi ń kán sórí ìrọ̀rí Twyla. Ó gbé ìrọ̀rí náà mọ́ àyà, ó bú ẹ̀rọ náà, ó bú ara rẹ̀, ó sì bú ẹni tó yá a pẹ̀lú.

Ẹni méje ń gbà á nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn sì di mẹ́jọ, nítorí Ozzie ti yí tirẹ̀ padà. Orí Delmar dàrú. Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ó mọ ohun tí Twyla ń lò. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí òun bá ń lọ ta sinúkà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígboro, Twyla á gbé garawa jáde: ọṣẹ ìfọbọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àkísà gbígbẹ láti nu ún gbẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Delmar náà wá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá ọṣẹ Twyla rí, garawa Twyla, àkísà tí Twyla fà ya lára aṣọ oorun rẹ̀. Ó nu gbogbo ìgbátí náà, ó tún un nù, títí apá fi ń ro ó. Òjò rọ̀. Dúdú padà dé.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sunkún. “Kí lo tún ń fi kún un?” ló ń bi ọ̀sà. “Twyla, kí lo ń fi kún un tó ò sọ fún mi?”

Bí Àjíǹde ṣe ku dẹ̀dẹ̀ ni Bernadine dé. Òun ni aládùúgbò wọn lápá ọ̀tún, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Twyla. Bí òtútù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú, ló máa ń fa ilé tirẹ̀ lọ, kì í sì í padà títí òjò á fi rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, oòrùn ti sun ún, ó pupa bí alákàn tí wọ́n bọ̀.

“Delmar! O ṣì wà láyé?”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Irùngbọ̀n yìí ńkọ́? Ẹyẹ ló fẹ́ yé síbẹ̀?” Ó dì mọ́ ọn, ó dì mọ́ ọn pẹ́. Ìgbà tó gbé orí kúrò léjìká rẹ̀ ló rí ilé náà. “Kí ló ṣe ilé Twyla?”

Delmar rò fún un: fínígà, búlíìṣì, ẹ̀rọ omi, Royce, ọ̀gá tó ń bọ̀. Bernadine ò jọ ẹni tó ń gbọ́. Ó tẹ orí sápá kan, ó ń wo òrùlé.

“Ta ló gbé e gún báyìí?”

“Èmi ni. Kò tiẹ̀ gba wàhálà mọ́. Ilẹ̀ ti ṣíwọ́ rírì.”

Bernadine bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Delmar, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. “Ọlọ́run mi,” ló wí. “Obìnrin yẹn ò sọ fún ẹ.”

“Kí ni kò sọ fún mi?”

“Delmar, jókòó.”

“Mi ò jókòó. Kí ni kò sọ fún mi?”

“Ilẹ̀ yìí ò rì rí. Àpáta ló wà lábẹ́ ẹ̀. Twyla ló ń rẹ igun ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bó o bá ti yà ní kọ́nà báyìí. Á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí omi òrùlé lè sá lọ sí ẹnu ọ̀pá tó ń gbé e dànù. Bó bá gún bó o ṣe ń fẹ́ ẹ yìí, omi á jókòó sókè, á máa kán sí rọ́bà lára tọ̀sán tòru. Kí ni ò ní bu?”

“Irọ́ ni.”

“Irọ́ kẹ̀? Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ̀nà fún un!”

Gbogbo ọdún yẹn. Gbogbo eku tó bú. Inú bí Delmar, etí rẹ̀ pupa. “Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Èmi tí mo gbé tábìlì kalẹ̀ fún gbogbo etíkun yìí! Kí ló dé tí kò lè là á mọ́lẹ̀ fún mi?”

“Ó là á fún ẹ. Lọ́dún tẹ́ ẹ dé, ó ní kó o jẹ́ kó fì díẹ̀ nítorí omi. O ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. O ní ó fẹ́ sọ ẹ́ di aláìmọṣẹ́.”

Delmar rántí. Ó rántí ọbẹ̀ alákàn tí Twyla sè lọ́sẹ̀ náà, tó kọ̀ tí kò jẹ.

“Mo sọ fún un pé kó bá ẹ jà,” ni Bernadine wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ó ní rárá. Ó ní, ‘Jẹ́ kó máa gbé e sókè, Bernadine. Bó bá ń gbé e sókè, ó máa ń súfèé. Èmi á máa rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.’”

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó fa irin kan yọ. Irin tí wọ́n fi ń yí jáàkì ni. Wọ́n ti fi òwú aláwọ̀ búlúù hun àpò kékeré kan sí ibi ìdìmú rẹ̀ kí òtútù irin má bàa mú ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Delmar mọ òwú náà. Ó ti rí i lórí itan Twyla, ó tiẹ̀ ti bi í rí pé ta ló ń hun ìbọ̀sẹ̀ kékeré yẹn fún.

Ó gba irin náà, ó wọ abẹ́ igun ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé léfẹ́lì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Kò sọ nǹkan tó gún di fífì rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó yí irin náà díẹ̀, ó wo bí ẹ̀hó omi ṣe ń kúrò láàárín, ó di ojú, ó tún un yí. Lókè, nǹkan dún gbùlùgbùlù. Omi tú jáde lẹ́nu ọ̀pá yàà, omi dúdú tòun ti ewé jíjẹrà, ó ń tú, kò fẹ́ tán. Bernadine pàtẹ́wọ́. Delmar ń sunkún lábẹ́ ilé, kò sì fi pa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti àkísà gbígbẹ nu ìgbátí náà. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀. Dúdú ò padà.

Ọ̀gá ọgbà dé lẹ́yìn Àjíǹde, ó wo ilé Delmar látòkè délẹ̀, kò rí ìdọ̀tí kankan, ó kọjá lọ síbi ilé Ozzie, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Royce rọra dá dúró sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń wá oore tó máa ṣe.

“Bàbá, ilé yín ti fì sápá ibí o. Ẹ gbé jáàkì wá, kí n bá yín gbé e gún.”

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi.”

“Kì í ṣe wàhálà rárá, Bàbá.”

“Mo ní kó o fi í sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ibí ṣe máa ń rì nìyẹn.”

Ó wọlé lọ bu kọfí. Bọ́ọ̀lù funfun ti kúrò láàárín tábìlì, ó ti yí lọ jókòó sí igun ẹnu ọ̀nà. Delmar wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó ṣí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, ó sì ké síta tó bẹ́ẹ̀ tí Royce fi yíjú padà:

“Ilẹ̀ yìí tún ti rì o, Twyla!”

Kò mú jáàkì. Ó gbé kọfí rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.