Ọ̀sán tí Mo Tilẹ̀kùn Mọ́ Oníwàrà

Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Áyétòrò nígbà náà, Màmá Tíṣà sì ni àwọn aládùúgbò ń pè mí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí obìnrin Fúlàní kan ti ń ta wàrà fún mi. Yorùbá tiwa gan-an ló ń sọ. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ó bá mi fọ aṣọ ìlédìí ọmọ kó tó gbé igbá ẹ̀ rù.

Lọ́jọ́ kan, màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìlárá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn darandaran sì ṣá olóko náà ládàá. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi igi àti àdá wá Fúlàní kiri àdúgbò.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn. Oníwàrà mi ni, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, kò sí igbá lórí ẹ̀.

"Màmá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ń bọ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ro ti ilé mi, mo ro ti àwọn ọmọ mi. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ ò sí nílé. Mi ò lè gba àlejò lẹ́yìn ẹ̀."

Irọ́ ni. Ọkọ mi ń jẹun ní pálọ̀, ó sì wúkọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Obìnrin náà gbọ́. Ó wò mí, ó ní, "Kò burú, mà." Mo tilẹ̀kùn.

Ojú fèrèsé ni mo wà tí mo fi rí i tí bàbá tó ń bọ Ògún ní ilé tó kọjú sí tiwa ní kó wọlé. Bàbá tí àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí lọ́kàn padà nìyẹn o. Ó gbé àpótí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ dé.

"Bàbá, ṣé ẹ rí obìnrin Fúlàní kan?"

"Ó wà nínú ilé mi."

"Ẹ mú un jáde! Àwọn èèyàn ẹ̀ ló ṣá èèyàn wa."

"Ẹ lọ wá ẹni tó ṣá a. Bí ọmọ tèmi bá há sí ìlú wọn, mi ò ní fẹ́ kí wọ́n fà á fún ẹni tó mú àdá dání. Àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣá èmi."

Wọ́n pariwo, wọ́n bú u, ṣùgbọ́n wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, lèmọ́mù àdúgbò gbé mọ́tò ẹ̀ dé, ó jókòó ti bàbá títí wọ́n fi túká. Òun ló gbé obìnrin náà àti ọmọ ẹ̀ lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀.

Olóko náà ò kú. A gbọ́ pé oníwàrà àti ọkọ ẹ̀ ti sọdá bọ́dà. Mi ò rí i mọ́.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, ẹ̀kọ́ tó kàn ni pé kéèyàn máa ṣe sí ẹlòmíì bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí òun. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀sìn tiwa nìkan ló ní in. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mi ò lè kà á jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá.

"Bàbá, èmi ni oníwàrà yẹn kọ́kọ́ wá bá. Mo lé e."

"Mo rí i. Ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ni, Bàbá."

Ó ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà."