Yàrá Ńlá Ìyá Paraschiva

Ní abúlé Cioreni, ẹni tó bá wọlé Ìyá Paraschiva tí kò mu wáìnì rẹ̀, ìjà ló wá. Opó ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ítálì, ó ku òun àti ọgbà àjàrà.

Vitalie, ajíhìnrere láti ìlú Bălți, wá yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò ti máa fún àwọn ọmọ tí òbí wọn wà ní ìdálẹ̀ lóúnjẹ ọ̀sán. Ìyá kọ́kọ́ gbé wáìnì fún un. Vitalie ní òun kì í mu ọtí, ìjọ àwọn ò fàyè gbà á. Ìyá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní láyé ìjọba Kọ́múníìsì, àwọn tó wá ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, tí wọ́n sọ ọ́ di àká ọkà, àwọn gan-an mu wáìnì òun kí wọ́n tó lọ. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí Paraschiva bá sì lé, ta ni yóò gbà á sílé ní Cioreni?

Ìgbà ìkórè dé, ẹsẹ̀ Ìyá wú. Àjàrà pọ́n, agbọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi: bí àgbá wáìnì bá ṣófo lọ́dún yìí, kí ni yóò máa fi pe èèyàn wọlé?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Vitalie nínú ọgbà tó ń ká àjàrà sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá ò bẹ̀ ẹ́, kò sì lé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún àjàrà, Vitalie gbé kọ́ọ̀pù sábẹ́ omi rẹ̀, ó mu ún tán.

"Ìyá, èyí ò tíì dọtí. Ẹ jẹ́ n tún bù sí i."

"Wáìnì mi lo mu yẹn. Tó o bá kánjú tó ò lè dúró kó kan, ẹ̀bi mi kọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní yàrá ńlá kan tí wọn kì í ṣí àfi fún ìyàwó tàbí fún òkú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ òkú ọkọ rẹ̀ sí tirẹ̀, Paraschiva ò ṣí i mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣí fèrèsé rẹ̀, ó gbálẹ̀, àwọn ọmọ sì jókòó ti ọbẹ̀ gbígbóná níbẹ̀. Aládùúgbò kan yọjú, ó bi í bóyá ó ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ Vitalie.

"Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì mí bọmi náà ni mo ṣì wà. Àmọ́ èmi ló kàn tí wọ́n máa tẹ́ sí yàrá yìí. Jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun níbẹ̀ ná."