4181 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Bódìjà lọ́jọ́ Tuesday. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wá iṣẹ́ tíṣà. Ilé ẹ̀kọ́ kan wá ní kí n kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò, kí àwọn fi wò mí. Principal fúnra wọn jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìṣirò ni àwọn náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni. Ṣé ẹ rí wàhálà?

Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13. Ẹ ro méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀, ẹ ó rí èyí tó kàn. Mo wá fẹ́ ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n! Mo ní láti ipò kẹta lọ, bí nọ́ńbà ipò bá jẹ́ prime, ìyẹn èyí tí nǹkan kan ò lè pín àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ náà á jẹ́ prime. Ipò karùn-ún, 5. Ipò keje, 13. Ipò kọkànlá, 89. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nílé ní Àgbowó títí dé ipò kẹtàdínlógún, 1597. Ibẹ̀ ni mo dúró sí o.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rófíà nawọ́, ó ní ipò kọkàndínlógún ńkọ́? Mo kọ 4181. Ó tẹjú mọ́ ìwé, ó ń pín in. 7 ò pín in. 11 ò pín in. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo ń gbàdúrà nínú pé kí aago lù. Irú tíṣà wo nìyẹn?

Aago lù lóòótọ́! Mo ti mú dọ́sítà pé kí n nu bọ́ọ̀dù, ni Rófíà bá sọ̀rọ̀.

"Ma, 37 times 113 ni."

Mo gbé dọ́sítà sílẹ̀. Mo lè ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Àmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ò bá gbà mí, tí mi ò padà wá mọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ yẹn á gbé irọ́ mi wọ yàrá ìdánwò.

"Ẹ fagi lé òfin yẹn," ni mo wí. "Composite ni 4181, kì í ṣe prime. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà."

Principal pè mí sí ọ́fíìsì. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún màmá mi. Wọ́n ṣí ìwé wọn hàn mí. Òfin mi ni mo rí níbẹ̀! Wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n fa ìlà sí i nídìí, wọ́n sì tún ti fagi lé e.

"Èmi náà ti gbà á gbọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ máa bọ̀ ní Monday."

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí nǹkan ṣẹ lẹ́ẹ̀mẹfà ò tíì sọ ọ́ di òfin. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìgbà wo lẹ dúró níwájú èèyàn tí ẹ rí i pé ẹ ti ṣì wọ́n lọ́nà? Ẹ tètè kọ tiyín sísàlẹ̀ o, nítorí Monday ti ń bọ̀, ẹ̀rù Rófíà sì ti ń bà mí.