Tíátà Ọba Nínú Gáráàjì Laurelton

Ọjọ́ tí ọkùnrin insurance wá wo ilé ni àwọn ará Laurelton, ní New York, ń sọ jù. Ó bi Bàbá Akínwùmí léèrè ohun tó wà nínú gáráàjì. Bàbá fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè: "Tíátà ọba ni, ọ̀gá. Ọba Jámánì. Àga ẹgbẹ̀rin." Ọkùnrin náà bọ́ síta, ó lọ wo nọ́ńbà ilé bóyá òun ṣìnà.

Irọ́ kọ́. Nígbà èwe rẹ̀, Bàbá kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní ìlú kékeré kan ní Jámánì. Ìyá arúgbó tó gbà á sílé fi pápá ìgbọ́kọ̀sí kan hàn án: ibẹ̀ ni tíátà tí ọba wọn kọ́ láyé àtijọ́ wà, tí bàbá ìyá náà ti ń fa aṣọ ìkélé ìtàgé, kí bọ́ǹbù ogun tó sọ ọ́ di eérú. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì ní New York, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó kọ́ ọ padà ní kékeré nínú gáráàjì, ó ga tó àyà èèyàn.

Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan: "Ẹ bá mi gbàdúrà o, òrùlé kò fẹ́ dúró." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹ́ ìyá ti gbé báàkẹ́tì tí wọn yóò fi gbe omi òjò wá sílé.

"Bàbá Doyin, yìnyín ti bo mọ́tò mi!" ni Màmá Florence, ìyàwó rẹ̀, máa ń pariwo.

"Yìnyín á yọ́, Florence. Aṣọ ìkélé ìtàgé mi ni òtútù kò gbọdọ̀ mú."

Màmá á mú ṣọ́bìrì, á wa mọ́tò jáde bí ẹni wa iṣu.

Doyin, ọmọ wọn, bi í rí: "Dádì, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yìí?"

Bàbá kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. "Ìyá yẹn ti kú, kò sì bímọ. Bí mo bá gbàgbé, á dà bí ẹni pé kò sí rí."

Ní oṣù kẹta, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Òrùlé kò tíì parí.

Wọ́n ta ilé náà, kí Màmá lè máa gbé lọ́dọ̀ Doyin. Àṣé tíátà fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Káfíńtà àgbà kò wọn ẹnu ọ̀nà! Doyin rẹ́rìn-ín, ó mú ayùn láti gé e, ó sì ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá wọlé. Doyin rò pé inú rẹ̀ á dùn láti rí ayùn náà.

"Wàá gé e," ni Màmá wí, "àmọ́ ó yẹ kí ẹnìkan kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí. Jókòó." Ó nàka sí àárín ìjókòó òkè. "Ibí ni ọba ń jókòó. Tó bá ti wọlé, gbogbo èèyàn á dìde." Ó ń sọ ọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó ń sinmi níbi tí Bàbá ti máa ń sinmi.

Doyin gbé ayùn sílẹ̀. "Àwọn òpó yìí ńkọ́, Mọ́mì?"

"Igi ni wọ́n. Wọ́n kùn wọ́n kí wọ́n lè jọ òkúta. Sún mọ́ mi, ìtàn tiwọn gùn."