Dàńṣíkí Tí Mi Ò Lè Wọ̀

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà, ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà Faransé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwé wa lẹ́bàá Mápó, láàárín àwọn ọdún 1970, èmi ni ọ̀gá ní kí n máa kọ́ wọn lọ. Orí ìwé kan péré ni mo fi ń kà ṣáájú àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ náà, àfòmọ́ ìparí ni mo ń kọ́ wọn. Mo ní iwájú ọ̀rọ̀ làwa Yorùbá ń fi tiwa sí: ẹni tó ń rán aṣọ ni aránṣọ. Faransé, Pọtogí àti Sípáníìṣì, ọmọ ìyá kan náà, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so tiwọn mọ́. Chanter ni kí a kọrin. Obìnrin tó ń kọrin ni chanteuse.

"Couture wá ni iṣẹ́ aṣọ rírán. Kí la ó pe obìnrin tó ń ṣe é?"

Rísíkátù nawọ́. "Couturière, sà."

"Irọ́! Coutureuse ni."

"Sà, bí wọ́n ṣe ń pe màámi nìyẹn ní Kọ̀tọ́nù tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo bá nà án lẹ́gba mẹ́fà, mo ní àfojúdi ni.

Nígbà tí mo dé yàrá àwọn olùkọ́, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Couturière ló wà níbẹ̀. Mo pa á dé wéré, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó yẹ kí n padà lọ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo ní, tíṣà wo ló ń bẹ ọmọ iléèwé?

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ dé láti Àrẹ̀mọ. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bá a wí. Faransé ojú ọjà ni tèmi, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ jẹ́ kí n rán dàńṣíkí kan fi tù yín lójú."

Ó yọ téèpù lọ́rùn. Mo na apá méjèèjì, ó ń wọn èjìká mi. Tí mo bá ti rántí, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Dàńṣíkí náà bá mi mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n mi ò lè wọ̀ ọ́. Rísíkátù kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì mi títí ó fi jáde.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo pàdé ìyá rẹ̀ ní Ọjà'ba.

"Tíṣà, mi ò rí dàńṣíkí yẹn lọ́rùn yín rí. Àbí kò gbà yín ni?"

"Ó fún mi díẹ̀ lápá ni, Ìyá Rísíkátù."

"Háà! Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo jẹ́ kí ó bẹ̀ mí lórí ohun tó mọ̀ jù mí lọ.