Ẹsẹ̀ Tí Ẹnì Kankan Ò Wò

Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé ẹsẹ̀ bàbá mi ló bọ́ wa, ẹsẹ̀ yẹn náà sì ni ẹnì kankan ò wò.

Táìsì ni bàbá mi ń lẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, wọ́n tẹ̀lé àwọn ará ìlú wọn wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ajah, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi tó di ẹ́sítéètì lónìí ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà. Àwọn mìíràn tó ń lẹ táìsì, tí wọ́n bá parí ilẹ̀ yàrá kan, igi ni wọ́n fi ń kàn án káàkiri, kí wọ́n lè gbọ́ èyí tí sìmẹ́ǹtì ò dé abẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kì í kan nǹkan kan. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ibi tó bá ṣófo lábẹ́ táìsì, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á sọ fún wọn. Wọ́n á dúró, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, wọ́n á ní kí àwọn lébìrà tú u. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ṣe é láìmọye ìgbà, mi ò rí i kó tàsé rí.

Òùngbẹ ni àrùn náà fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á máa mu píọ̀ wọ́tà bí ẹni pé wọ́n jẹ iyọ̀ sùn, wọ́n á sì máa sáré lọ tọ̀ lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù. Àwọn lébìrà ló kọ́kọ́ rí i pé eèrà ń ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọ̀gá ti jayé débi pé ìtọ̀ wọn ń dùn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún bàbá mi ní oògùn àti káàdì. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni bàbá mi fi ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì á gún wọn níka, á wọn ìfúnpá wọn, á kọ ọ́ sínú káàdì, á ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú.

Mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bàbá mi náà lẹ́jọ́ tiwọn. Tí ara bá ti yá wọn díẹ̀ báyìí, oògùn á di ohun ìgbàgbé. Obìnrin kan tó ń ta àgbo ní Ajah sọ fún wọn pé àgbo tòun á fọ ṣúgà dànù pátápátá, wọ́n sì gbà á gbọ́ ju dókítà lọ. Wọ́n á wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á ní ṣúgà ti wálẹ̀, bí ẹni pé àlejò ni ṣúgà, tó ti dágbére. Mo bá wọn jà títí ohùn mi fi ha. Wọ́n ní kí n lọ máa bá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níléèwé ní Thomas Estate sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, pé àwọn ti ń fẹsẹ̀ rìn kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tó yá, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn. Wọ́n ní ó dà bíi pé eèrà ń rìn nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú bàsíà omi tútù ni wọ́n ń kẹ́sẹ̀ sí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì, ó sì dáwọ́ dúró. Kò jó mọ́, kò ta mọ́. Inú wa dùn. Èmi fúnra mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo ẹsẹ̀ bàbá mi sàn, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ojú máa ń tì mí, inú sì máa ń bí mi sí ara mi. Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára ló ti kú, àwa sì ń fi ijó dúpẹ́.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ní Lakowe, bàbá mi lẹ táìsì sí pálọ̀ ilé ńlá kan. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó àga ẹni tó nilé wọlé ni táìsì bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n tú wọn, abẹ́ wọn ṣófo. Agbaṣẹ́ṣe dúró láàárín àwọn lébìrà, ó fẹ̀sùn kan bàbá mi pé wọ́n jí sìmẹ́ǹtì òun, ó ní ogbó ti dé sí wọn, ó sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí bàbá mi ì bá bí ni agbaṣẹ́ṣe yẹn. Èmi náà ò sàn jù ú lọ. Ní kíṣìnì wa, mo bi wọ́n bóyá àwọn lébìrà ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Èmi fúnra mi ni mo rìn ín. Gbogbo ẹ̀ ló le dáadáa.”

Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ tí kì í tàsé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi rí iṣẹ́ ilé ìwẹ̀ kan ṣe nítòsí ilé wa ní Jakande. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti iṣẹ́ dé, mo bá ojú ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ nílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà lọ sí pálọ̀. Bàbá mi jókòó, wọ́n ń wo ìròyìn. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ta ló fara pa?”

Mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi gbé mi dé ìdí àga tí wọ́n jókòó lé. Àfọ́kù táìsì kan ti wọlé sábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ yẹn. Ẹran ibẹ̀ ti ń dúdú, ó ti ń rùn. Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ aládùúgbò.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ní ká gbé wọn lọ, dókítà obìnrin kan ní kí wọ́n dijú. Ó mú nǹkan kan tó rí bíi fọ́nrán okùn ìpẹja, ó ní kí wọ́n sọ nígbà tí òun bá ti fi kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó fi kan gìgísẹ̀, ó fi kan àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi kan àwọn ọmọ ìka. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, pẹ̀lú ojú dídì, “Dókítà, ẹ̀yin ni mò ń retí o.”

Mo yíjú sí ògiri. Dókítà náà ṣàlàyé fún mi pé tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń ba iṣan jẹ́, ní ojú, ní kíndìnrín, ní ẹsẹ̀. Ó wá bi mí ta ni ó ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Inú bí mi. Láti Lekki títí dé Lakowe, kò sí ilé olówó tí bàbá mi ò bọ́ bàtà nínú rẹ̀. Fún ọdún mẹ́jọ, kò sí nọ́ọ̀sì kan, kò sí dókítà kan, tó ní kí wọ́n bọ́ ọ.

Wọ́n gé ọmọ ìka méjì. Wọ́n ní tí ojú rẹ̀ ò bá jiná, orúnkún ló kàn. Oṣù márùn-ún la fi dúró dè é. Àràárọ̀ ni bàbá mi ń lo oògùn níṣojú mi, àgbo sì di ohun tí a kì í dárúkọ nílé. Ní ìrọ̀rọ̀lẹ́, mo ń kúnlẹ̀, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ọwọ́ bojú, nítorí kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọmọ máa wò lára bàbá rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà jiná, ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè lẹ táìsì mọ́.

Ìgbà tí a padà lọ gba oògùn níbi àtijọ́, nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ó wọn ìfúnpá wọn, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Mi ò dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà bàbá mi, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé orí àga níwájú rẹ̀. Mo ní a ò ní kúrò níbẹ̀ tí kò bá wò ó. Nọ́ọ̀sì ní èrò pọ̀. Mo ní èrò ti pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Màmá àgbàlagbà kan ló kàn lẹ́yìn wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Kàńfáàsì tó ti gbó ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bàbá mi yíjú sí wọn, wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ bọ́ tiyín náà, kí wọ́n bá yín wò ó.”

“Tèmi? Kò dùn mí rárá.”

Bàbá mi na ẹsẹ̀ tó ku ìka mẹ́ta sí wọn.

“Èyí náà ò dùn mí.”

Màmá náà wò ó títí. Wọ́n wá jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kàńfáàsì wọn.