Ọjọ́ Tí Àṣá Baba Wálítà Há Sára Ọgbà Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Cypress lókè òkun, ará ilé kejì wa ń sin àṣá. Baba Wálítà la máa ń pe òyìnbó arúgbó náà. Àṣá yẹn ni wọ́n fi ń dọdẹ ehoro ní pápá ẹ̀yìn ilé.

Bí mo bá ti fọ abọ́ tán, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń sá lọ. Wọ́n kọ́ mi ní èdè tí àwọn ọdẹ ọba ń sọ nílùú òyìnbó láyé àtijọ́. Okùn awọ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ ń jẹ́ jẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ̀rù bá ba ẹyẹ, tó já fò lórí ọwọ́, tó ń gbọn ìyẹ́, wọ́n á ní ó béètì. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé nígbà tí àbúrò mi já bọ́ lórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pariwo pé, "Ó ti béètì!" Màmá mi fà mí létí títí ó fi pọ́n.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, kò fẹ́ràn ẹyẹ náà rárá. Wọ́n ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé wa. "Àṣá kì í ṣe ọ̀rẹ́ adìyẹ," ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àṣá fò lọ, kò padà. Baba Wálítà pè é títí ohùn wọn fi há. Jẹ́ẹ̀sì ló ń bà wọ́n lẹ́rù: bí ó bá lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi, ẹyẹ á so rọ̀ síbẹ̀, á sì kú.

Nígbà tó yá, adìyẹ wa figbe ta. Màmá Àgbà gbé ìgbálẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Àṣá rèé! Okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há sára wáyà ọgbà wa, ó so rọ̀, ó dorí kodò, ó ń gbọn ìyẹ́ kíkankíkan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú! Ó ń béètì ni! Ẹ̀rù ló ń bà á!"

Wọ́n wo ẹyẹ, wọ́n wò mí. Ni wọ́n bá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bọ́ ìborùn èjìká wọn, wọ́n fi bò ó lójú. Wẹ́rẹ́ ló dákẹ́.

"Ohun tí kò bá rí kò lè bà á lẹ́rù," ni wọ́n wí. "Sáré lọ pe bàbá yẹn."

Baba Wálítà sáré dé, wọ́n rọra tú okùn náà. Ìyẹ́ kan kò ṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Èmi náà mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ yín relé o," ni Màmá Àgbà wí, "kó tó rí adìyẹ mi." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Baba Wálítà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ti rí bàbá mi tó ń ṣe. Àyà wọn kò tilẹ̀ kanlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, a kì í fóònù kí a tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Mo dúpẹ́ pé mo bá ayé yẹn. Cypress náà ni mo ṣì ń gbé, ilé ti bo gbogbo pápá. Mo mọ ìró ilẹ̀kùn gárééjì ará ilé kejì mi dáadáa. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.